Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ká Tó Kó Ẹrù Lọ sí Ìlú Tuntun

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Owó ilé ti lé téńté ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn èèyàn fẹ́ sún wá sí Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mìíràn sì ní ọmọ lókè òkun tó fẹ́ ra ilé tó ń béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ òbí. A mú mẹ́fà nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe láti inú ilé fún ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni mò ń gbà lọ́dún. Ilé oníyàrá méjì tí èmi, ìyàwó àti ọmọ méjì ń gbé ti di 600,000 lọ́dún, láńlọ́ọ̀dù sì ní òun ṣì máa fi kún un. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyàwó mi. Wọ́n ní owó orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò wọ́n tó ti Èkó, ṣé òótọ́ ni? Nínú ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tó wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, èwo ló dára jù fún wa?
*Bàbá Ọlọ́mọ Méjì, Ìkòròdú*

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó orí kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 kan gbogbo Nàìjíríà. Kò sí ìpínlẹ̀ tó lè gbé iye tirẹ̀ kalẹ̀ lórí owó oṣù. Ohun tó máa yí padà bí ẹ bá kó ni ìpínlẹ̀ tí owó náà ń bọ́ sí àpò rẹ̀, torí ibi tí èèyàn ń gbé ni owó orí rẹ̀ ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: 800,000 náírà àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá; 2,200,000 tó tẹ̀lé e, náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún; 9,000,000 tó tún tẹ̀lé ìyẹn, náírà 18 lórí ọgọ́rùn-ún, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò, àmọ́ ohun tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju 500,000 lọ.

Ẹ wò ó lórí tiyín. Ìdá 20 nínú 600,000 jẹ́ 120,000. Bí ẹ bá yọ ọ́ nínú 3,000,000, ó ku 2,880,000. Ẹ tún yọ 800,000 tí kò ní owó orí, ó ku 2,080,000, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ 312,000 náírà lọ́dún. Ká ní ẹ wá rí ilé 300,000 ní Ògbómọ̀ṣọ́: 60,000 péré ni ẹ máa yọ, owó orí yín á di 321,000. Owó orí lé ní 9,000, owó ilé dín ní 300,000. Ẹ rí i pé owó orí kọ́ ló yẹ kó gbé yín kúrò ní Ìkòròdú, owó ilé ni. (A kò tíì yọ owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń gé lóṣooṣù, òun náà máa ń dín in kù.) Ẹ gba rìsíìtì àti àgíríméǹtì ilé, ẹ tọ́jú wọn, torí ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kò ní lè fi hàn pé òun san owó ilé. Kí ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá kó, kí owó orí yín máa lọ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é, ìgbà tí wọ́n bá nílò ìwé ẹ̀rí owó orí ni wọ́n máa ń rí i pé orúkọ àwọn kò sí nínú ìwé níbi tí wọ́n ń gbé.

Ó ku ti ìjọba ìbílẹ̀. Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Kínníra, àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, tí tirẹ̀ wà ní Arówómọlé, ni ó wà nínú ìlú gan-an. Oríire (Ìkòyí-Ilé), Sùúrùlérè (Ìrẹsà-Adú) àti Ogo-Olúwa (Àjàáwà) jẹ́ ilẹ̀ oko àti ìlú kéékèèké. Ẹni tó fẹ́ dáko, ibẹ̀ ni kó lọ. Ẹ̀yin tí íntánẹ́ẹ̀tì ni oko yín, inú ìlú ni kí ẹ dúró sí.

Nínú ìlú náà, gbogbo ibi kọ́ ló rí bákan náà. Láti Under-G títí dé Adéníkẹ̀ẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú náà, ló ń darí owó ilé. Yàrá kan tó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ ni àwọn onílé ń kọ́ síbẹ̀, kì í ṣe ilé ẹlẹ́bí. Bí sáà tuntun bá ń wọlé, owó ilé á fò sókè. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà ní ìsinmi gígùn, yàrá á ṣófo, onílé á sì gbà láti dúnàádúrà. Ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké máa sùn dáadáa ní ìhà Arówómọlé tàbí Ìjẹ̀rù ju ibẹ̀ lọ. Ti ìlera, Ògbómọ̀ṣọ́ rọ́wọ́ mú ju ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi tó o lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ti Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, wà níbẹ̀, ti LAUTECH náà sì wà níbẹ̀.

Iná ló yẹ kí ẹ fi ọ̀pọ̀ àkókò wádìí. Bándì ni IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, fi pín àwọn adúgbò: A ni wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, yúnììtì kan ní Bándì A ti ju 200 náírà lọ. Ti àwọn bándì tó kù kò tó ìdajì ìyẹn. Ìdílé tó ń lo fíríìjì, fáànù méjì, tẹlifíṣàn àti kọ̀ǹpútà lè jó yúnììtì mẹ́rin lóòjọ́ wẹ́rẹ́. Ìyẹn jẹ́ 120 lóṣù, ó sì ju 24,000 náírà lọ ní Bándì A. Lọ́dún, ó ti tó 288,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú owó ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ àjáǹtì kì í dárúkọ rẹ̀ rárá. Bándì C kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa ra bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń gbé iná pamọ́, torí iṣẹ́ yín kò lè dúró de wákàtí 12.

Òpópónà méjì tó kẹ̀yìn síra lè wà lórí wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní kí ayálégbé kan nínú ilé náà fi ìwé tó fi ra iná kẹ́yìn hàn yín. Iye tí wọ́n gbà lórí yúnììtì kan máa sọ bándì náà. Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ ra iná 1,000 náírà sórí mítà ilé náà. Bí yúnììtì tó jáde bá kéré sí iye tó yẹ, gbèsè ẹni tó kó jáde ni wọ́n ń gé níbẹ̀, kí onílé sì san án kí ẹ tó wọlé. Nọ́ńbà mítà náà gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára ògiri mu, torí àwọn onílé kan máa ń fi mítà kan ṣoṣo bọ́ ilé mẹ́ta.

Fún íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú fóònù wọ inú yàrá tí ẹ máa fi ṣe ọ́fíìsì gan-an, kì í ṣe ojúde, ẹ sì dán an wò lẹ́yìn agogo mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo èèyàn bá wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: A ra ilé kan ní Ọ̀yọ́, pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà. Kànga inú rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú nígbà tí a wá wò ó ní oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ó gbẹ ní oṣù kejì. Ọkọ mi ní ká gbẹ́ bóòhóòlù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ká jin kànga náà sí i. Èwo ni ká ṣe?
*Ìyá Ìbejì, Owódé, Ọ̀yọ́*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé tàbí gba ilé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, oṣù kejì tàbí ìkẹta ni kó lọ wo omi. Ní oṣù kẹsàn-án, gbogbo kànga ló lómi.

Orí àpáta ni ìlú méjèèjì jókòó lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ wà níbi méjì péré: nínú ilẹ̀ rírọ̀ tí àpáta ti jẹrà di, àti nínú ibi tí àpáta gan-an ti là. Ilẹ̀ rírọ̀ yìí lè nípọn ní ilé yín kó sì tín-ín-rín ní ilé kejì. Ìdí nìyí tí aládùúgbò fi lè máa pọn omi títí di oṣù kẹrin nígbà tí tiyín ti gbẹ. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ bóòhóòlù kì í dá omi sílẹ̀, ó kàn ń lọ bá a níbi tó wà ni. Bí kò bá sí ìlà nínú àpáta níbi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí, òfìfo ni wọ́n máa bá, owó yín á sì ti lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo kànga yín. Ẹ jù okùn tí ẹ so òkúta mọ́ sínú rẹ̀, kó lù ìsàlẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ró gan-an bí ìgbà tí òkúta bá kan òkúta, àpáta ti dé, jíjìn rẹ̀ sí i á gba owó ńlá láìní èrè. Bó bá balẹ̀ sínú iyanrìn tàbí amọ̀, ẹ pe àwọn agbẹ́nkànga ní ìparí oṣù kejì tàbí nínú oṣù kẹta, nígbà tí omi bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n gbẹ́ mítà méjì sí mẹ́ta sí i, kí wọ́n sì fi òrùka kọnkéré tì í kó má wó. Èyí kò wọ́n tó bóòhóòlù, ó sì máa ń tó ìdílé tí kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ fífà omi tó ń lo epo bẹntiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún èèyàn, ó ń pa ẹni tó wà nísàlẹ̀ àti ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ yọ ọ́.

Bó bá jẹ́ bóòhóòlù ló kàn, ẹ kọ́kọ́ sanwó fún àyẹ̀wò ilẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa kan irin sílẹ̀ ní ìlà, wọ́n á rán iná bátìrì gba inú ilẹ̀, wọ́n á sì ka bí iná náà ṣe ń gbà kọjá. Òun ló ń sọ bí ilẹ̀ rírọ̀ ṣe nípọn tó àti ibi tí àpáta ti là. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò náà, kì í ṣe pé kí wọ́n kàn fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ fún yín pé "ibí ni". Ẹ bá agbẹ́lẹ̀ kọ iye owó lórí mítà kan, àti iye mítà páìpù tí wọ́n máa kì bọ̀ ọ́. Ohun tó ń bàjẹ́ jù ni pé wọ́n á gbẹ́ ẹ nígbà òjò, wọ́n á kan omi ní mítà 25 tàbí 30 nínú ilẹ̀ rírọ̀, wọ́n á dúró síbẹ̀ kí wọ́n lè tètè lọ, gbogbo yín á sì yọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tí ẹ̀rọ yín wà. Kí wọ́n tó gba owó tó kù, ẹ ní kí wọ́n fa omi rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdúró, kí ẹ fojú rí i pé kò já.

Ọ̀rọ̀ sókàwé, kòtò tí omi ilé ìyàgbẹ́ ń wọ̀, ló wá le jù lórí pulọ́ọ̀tì yín. Mítà 30 láàárín omi mímu àti sókàwé ni wọ́n máa ń gbani nímọ̀ràn. Pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ mítà 15 fífẹ̀ àti mítà 30 gígùn. Àfi kí ẹ fi kànga sí igun kan, kí sókàwé sì wà ní igun tó dojú kọ ọ́. Tí ilẹ̀ bá da gẹ̀ẹ̀rẹ̀, òkè ni kànga gbọ́dọ̀ wà. Ẹ yọjú wo ẹ̀yìn ògiri náà, torí sókàwé aládùúgbò lè wà ní mítà márùn-ún sí kànga yín, òun kò sì mọ̀. Bí kò bá sí bó ṣe lè jìn, ẹ máa se omi tí ẹ ń mu.

Ti táńkì: bí èèyàn kan bá ń lo lítà 50 lóòjọ́, ìdílé ẹni márùn-ún á lo 250. Táńkì 1,000 lítà á gbé yín fún ọjọ́ mẹ́rin bí iná bá lọ.

Ìbéèrè: Àjáǹtì ní owó ilé náà jẹ́ 250,000, ṣùgbọ́n nígbà tó ka gbogbo rẹ̀ fún mi, ó ti di 325,000. Ṣé kò lu jìbìtì báyìí?
*Télọ̀, Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ ìdá 10 fún àjáǹtì, ìdá 10 fún lọ́yà àti ìdá 10 fún owó ìdógò, 75,000 náà nìyẹn, àṣà ọjà sì ni. Àjáǹtì àti lọ́yà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa san tiwọn. Bí wọ́n bá tún béèrè lọ́dún kejì, ẹ má san. Owó ìdógò gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n máa dá a padà. Ẹ rí onílé fúnra rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Nínú àgíríméǹtì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye ìgbà tí wọ́n máa fún yín kí ẹ tó kó jáde. Oṣù mẹ́fà ni ti ayálégbé ọlọ́dọọdún bí ìwé kò bá sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà kan máa ń rọra kọ oṣù kan síbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra ilẹ̀ láàárín Awẹ́ àti Ìlọrá, kí n lè máa gbé níbẹ̀ bí mo bá fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan ń ta pulọ́ọ̀tì ní mílíọ̀nù kan, ẹlòmíràn ní 1,300,000 ládùúgbò kan náà. Àwọn méjèèjì ní sọ́fè, ìyẹn ìwé ìwọnlẹ̀. Kí ni kí n wò?
*Olùkọ́, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Àwọn kan ń ta 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà, àwọn kan 60 sí 120, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń pè ní pulọ́ọ̀tì. Èkíní jẹ́ nǹkan bí mítà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-mẹ́rin 464, èkejì 669. Bó bá jẹ́ pé ti mílíọ̀nù kan ni 50 sí 100, ẹ ń ra mítà kan ní nǹkan bí 2,150 náírà. Bí ti 1,300,000 bá jẹ́ 60 sí 120, mítà kan kò ju nǹkan bí 1,940 lọ. Èyí tó dà bí ẹni pé ó wọ́n ló pọ́ọ́kú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló ni ilẹ̀? Ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù ní ibẹ̀. Ní ilé ẹjọ́, ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà rẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsọ fún àwọn àgbà ojúlé tó kù, wọ́n lè lọ ba títà náà jẹ́ ní kóòtù. Ìdí nìyí tí ìbuwọ́lùwé mọ́gàjí nìkan kò fi tó. Ẹ jẹ́ kí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà, torí òun ló mọ ẹni tó máa ń wá gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sọ́fè tí wọ́n fi hàn yín lè jẹ́ òótọ́ kó sì jẹ́ ti ilẹ̀ mìíràn. Ẹ mú un lọ bá sọ́féyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ọ̀yọ́ kò ṣe aláìní wọn, ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà ni. Iṣẹ́ méjì ló máa ṣe: á wá bíkìnì ilẹ̀ náà rí, ìyẹn òpó kọnkéré kéékèèké tí wọ́n fi sàmì ààlà, á wo nọ́ńbà ara wọn bóyá ó bá ti inú ìwé mu, á tún mú òǹkà inú ìwé tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an lọ sí ọ́fíìsì sọ́féyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn, kí wọ́n fi lé orí máàpù, bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tàbí ọ̀nà máa gba ibẹ̀ kọjá. Owó àyẹ̀wò yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù kan, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fò jù.

Bí wáyà iná ńlá bá wà nítòsí, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n: mítà 25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún wáyà 330kV, mítà 15 fún 132kV. Ilé tó bá wọ àárín rẹ̀, wọ́n lè wó o láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ ọ́ sínú àgíríméǹtì pé owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé àti gbogbo owó ọmọ onílẹ̀ ti wà nínú iye tí ẹ san. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ C of O, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ èèyàn lórí ilẹ̀. Ọdún 99 ni wọ́n ń kọ sórí ti ilé gbígbé, ẹni tó bá sì gbà á máa san owó ilẹ̀ fún ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà bá ti ní C of O lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ìwé àṣẹ gómìnà ni ẹ máa wá, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe là á kalẹ̀. Ẹ ṣírò owó rẹ̀ mọ́ iye ilẹ̀ kí ẹ tó gbà.

Ìbéèrè: Ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, fẹ́ ra ilé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń wo Harris County àti Fort Bend County, ìyẹn ilé 350,000 dọ́là. Ó ní wọn kì í gba owó orí lórí owó oṣù ní Texas, síbẹ̀ ó ń bẹ̀rù owó orí ilé. Àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n wá sí Maryland dípò ibẹ̀. Ó fẹ́ kí a gbà á nímọ̀ràn, a kò sì mọ ibi tí a máa mú un.
*Ìyá Nọ́ọ̀sì, Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́*

Ìdáhùn: Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n gbádùn ilé náà, Mà. Káúńtì lọ́hùn-ún sún mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n owó tó ń gbà lórí ilé kì í ṣe kékeré, torí òun àti àwọn tó ń pín in pẹ̀lú rẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ojú ọ̀nà. Lóòótọ́ ni Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Orí ilé ni wọ́n ti ń rí i gbà padà.

Kí ọmọ yín má béèrè pé "èló ni Harris, èló ni Fort Bend?" Nínú káúńtì kan náà, ilé méjì lè yàtọ̀ síra gidigidi, torí ìwé owó orí kan ní apá púpọ̀: ti káúńtì, ti ìlú, ti àgbègbè ilé-ìwé, àti, ní ọ̀pọ̀ ẹsítéètì tuntun, ti ẹgbẹ́ omi àti gọ́tà tí wọ́n ń pè ní MUD. Gbèsè tí wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n ń ri páìpù sínú ẹsítéètì ni MUD ń san, ilé tuntun ni ẹrù rẹ̀ sì máa ń wúwo lé jù. Bí ilé bá ń pọ̀ sí i, ó lè máa fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tí ó rọrùn ṣe é. Ká ní ilé-ìwé ń gba dọ́là kan lórí ọgọ́rùn-ún, káúńtì àti àwọn tó kù ń gba sẹ́ǹtì 60, MUD ń gba sẹ́ǹtì 70. Ẹni tó ń gbé inú ilé tó rà fúnra rẹ̀ lè béèrè ẹ̀dínkù onílé. Láti ọdún owó orí 2025, 140,000 dọ́là ni wọ́n ń yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò ti ilé-ìwé. Nítorí náà, ilé-ìwé á gba 2,100 dọ́là, káúńtì àti àwọn tó kù 2,100, MUD 2,450. Àpapọ̀ 6,650 lọ́dún, ìyẹn 554 lóṣù. Ilé iye kan náà tí kò sí lábẹ́ MUD á san 4,200, ìyẹn 350 lóṣù. Ìyàtọ̀ 204 dọ́là lóṣooṣù fún ilé tí ẹni tó ń tà á ń pe iye kan náà lé lórí.

Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń kó sí wàhálà jù ni ọdún kejì ilé tuntun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n ń díye lé ilé. Bí wọn kò bá tíì kọ́ ilé náà tán lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀ nìkan ni owó orí ọdún náà máa dá lé, á sì kéré. Báńkì tó yá wọn lówó ilé máa ń gba owó orí àti ìnṣọ́ránsì lóṣooṣù pa mọ́ kó lè san án fún wọn. Iye kékeré yẹn ló máa fi ṣírò. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, owó orí ilé odindi á dé, báńkì á ní owó tí òun ní lọ́wọ́ kò tó, á béèrè èyí tó ṣẹ́kù, á sì tún gbé ti oṣooṣù sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n ṣírò owó orí lórí iye ilé odindi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa fi ìyàtọ̀ rẹ̀ pamọ́ fúnra wọn.

Bí wọ́n bá ti kó wọlé, kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀dínkù onílé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé ní káúńtì náà. Ọ̀fẹ́ ni. Kí àdírẹ́sì ara láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ wọn bá ti ilé náà mu. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n sanwó kí òun bá wọn ṣe é, kí wọ́n ju lẹ́tà náà nù. Ẹ̀dínkù náà tún ń dá iye tí wọ́n fi ń gba owó orí dúró kó má fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè lọ́dún. Bí iye tí wọ́n dá lé ilé bá ga jù, wọ́n lè tako ó títí di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, tàbí 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, èyí tó bá pẹ́ jù.

Kí wọ́n wo máàpù ìkún omi ti FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àjálù, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Houston ní 2017, omi wọ ọ̀pọ̀ ilé tí máàpù kò kà sí ibi eléwu. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san ti ìkún omi. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra ìyẹn, ọjọ́ 30 sì máa ń kọjá kó tó ṣiṣẹ́. Wọn kò lè dúró títí ìjì fi máa yọ lókè òkun.

Ti Maryland, ìpínlẹ̀ ń gba owó orí lórí owó oṣù, káúńtì náà sì ń gba tirẹ̀ lé e. Láti 2025, òfin fàyè gbà wọ́n dé ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí 80,000 dọ́là bá ni owó tí owó orí kàn nínú tiwọn, ti káúńtì nìkan lè dé 2,640. Kí wọ́n kọ owó oṣù tí ilé ìwòsàn ìhà méjèèjì máa san fún nọ́ọ̀sì sórí ìwé, kí wọ́n yọ owó orí owó oṣù, owó orí ilé, ìnṣọ́ránsì àti epo ọkọ̀ sí ibi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọn kò ní ju ọdún mẹ́ta lọ níbẹ̀, kí wọ́n ṣì máa gba ilé gbé. Owó tí wọ́n máa san nígbà rírà àti nígbà títà máa ń jẹ èrè tí ilé lè mú wá láàárín ìgbà kúkúrú bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn ọkùnrin méjì wá sí ilé mi, wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ rán àwọn láti gba owó orí ilé, kí n kó o fún àwọn lọ́wọ́. Ṣé ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i?
*Onílé, Kínníra*

Ìdáhùn: Ó lẹ́tọ̀ọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti díye lé ilé aládàáni kí ó sì gba owó lórí rẹ̀, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ gba ìwé tí wọ́n mú wá, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì san án sí àkáǹtì báńkì wọn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín, torí ẹni tó bá fẹ́ ra ilé náà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú lè béèrè rẹ̀.